Agbo Màlúù Tí Ó Kù Sẹ́yìn ní Kabusa

Dókítà ẹranko ni Ìbídùnní Ọbayẹmí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 2014 fi ń parí lọ, iwájú kọ̀ǹpútà ló ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ rẹ̀. Ọmọ Ìyàrá ni, ní ilẹ̀ Okun ní Kogi, Abuja ló sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí ó ti ṣe agùnbánirọ̀ tán. Ọ́fíìsì wọn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Utako. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí gáréèjì tí àwọn ọmọ ọkọ̀ ti máa ń pe Lọ́kọ́ja àti Òkènè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń ti fèrèsé tiwọn. Òun kì í ti tirẹ̀. Ó ní bí ibẹ̀ bá dákẹ́, òun kì í lè ronú dáadáa.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ jẹ mọ́ àrùn kan tí àwọn dókítà ń pè ní burusẹlósìsì. Màlúù tó ní àrùn yìí lè dá ṣáṣá lójú, kó máa jẹun, kó máa rìn, ṣùgbọ́n bó bá lóyún, oyún náà lè ṣẹ́. Láti ara ìyẹn ni àrùn náà ti ń ràn mọ́ àwọn yòókù. Ó ń ran èèyàn pẹ̀lú. Ètò kan ti wá láti kápá rẹ̀ láàárín àwọn màlúù oníwàrà tó yí Abuja ká: àwọn òṣìṣẹ́ á lọ sí gáà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ àwọn màlúù, wọ́n á mú èyí tí àrùn wà lára rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ fún ẹni tó ni ín, wọ́n á sì fún àwọn ọmọ màlúù tó jẹ́ abo ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ ọ̀nà tó dára jù láti gbà ṣe é. Ohun tí Ìbídùnní ń ṣe nìyẹn. Ó kó gbogbo agbo màlúù náà sínú kọ̀ǹpútà.

Àmì róbótó kékeré ni màlúù kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ le máa ń ní àwọ̀ ewé, èyí tí àrùn mú á di pupa. Bó bá ti tẹ bọ́tìnnì, ọjọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àwọn màlúù á máa gun ara wọn, wọ́n á máa bímọ, wọ́n á máa pàdé níbi omi, wọ́n á máa kó àrùn ran ara wọn. Bí ẹni ń ju ọmọ lúdò ni ẹ̀rọ náà ṣe ń pinnu èyí tí àrùn á mú àti èyí tí yóò yẹ̀ ẹ́, nítorí náà bí òní ṣe rí kọ́ ni ọ̀la á ṣe rí. Èyí ló mú kí Ìbídùnní máa tún un bẹ̀rẹ̀ láìmọye ìgbà, kó lè mọ ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá nínú ẹ̀rọ náà kí omi tíì tó hó lórí sítóòfù.

Kó tó lè kó wọn síbẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n. Ó ń ti gáà kan bọ́ sí òmíràn, ó ń béèrè iye màlúù, ọjọ́ orí wọn, ibi tí wọ́n ti ń mumi àti ibi tí wọ́n ti rà wọ́n. Báyìí ló ṣe dé gáà kékeré kan lẹ́yìn Kabusa, níbi tí Jàbárù àti ìyàwó rẹ̀ Wàsílátù ń gbé.

Fúlàní Ṣakí ni Jàbárù, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ ti ará Ṣakí pọ́ńbélé. Ọmọ Yorùbá láti Ìgbòho ni ìyàwó rẹ̀. Wàsílátù ló ń fi ewé bọmubọmu mú omi wàrà dì, tó ń fún omi ara rẹ̀ jáde, tó sì ń kó wàrà tó dì tán lọ sí Utako fún àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin tí wọn kò lè rí i rà níbòmíràn. Hàlímàt, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti lọ sílé ọkọ ní Ṣakí. Inú wọn dùn láti rí àlejò tó gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí Ìbídùnní béèrè ọ̀rọ̀ àwọn màlúù tán, tó sì ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, Jàbárù ní kí ó fi àwọn tó wà nínú ẹ̀rọ han òun. Agbo wọn kò pọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni Ìbídùnní kó wọn síbẹ̀, ó sì yí kọ̀ǹpútà sí i.

Jàbárù bọ́ fìlà, ó tẹjú mọ́ ọn. "Dókítà, èwo ni Oníwo-kan níbẹ̀?"

Abo màlúù funfun kan ni Oníwo-kan, tí ìwo òsì rẹ̀ ti kán. Òun nìkan ni wọ́n rà lọ́jà nínú agbo náà. Gbogbo àwọn yòókù ni wọ́n bí sọ́wọ́ Jàbárù.

Ìbídùnní fi ìka kan àmì kan. "Òun nìyí, Bàbá Hàlímàt."

"Ó mà kéré o." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó ń jẹun níbẹ̀?"

"Kò ń jẹun. Ó kàn ń dàgbà ni, ó ń bímọ, ó sì ń ṣàìsàn bí àìsàn bá kàn án."

"Ó sì ń kú?"

"Ó ń kú, sà."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Iye ìgbà tí mo bá ní kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ ni."

Jàbárù kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wo màlúù funfun tó dúró lábẹ́ igi mángòrò, tó ń fi ìrù lé eṣinṣin. "Ẹ dákun," ó ní, "ẹ má jẹ́ kó kú púpọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni Ìbídùnní kò ti lè fi ojú àmì lásán wo àmì yẹn mọ́.

Nígbà tí ètò fẹ́ gbéra, ìròyìn dé pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n rí kó wọ̀lú kò tó ìdajì ohun tí wọ́n retí, àwọn òṣìṣẹ́ náà kò sì tó. Dókítà Àlímì, ọ̀gá wọn, ní kí Ìbídùnní bi ẹ̀rọ rẹ̀ léèrè ibi tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Dókítà Àlímì, kì í gbé ohùn sókè, kì í sì í pinnu ohunkóhun láìní ìdí. Ìbídùnní tan ẹ̀rọ náà títí, ìdáhùn kan náà ló ń fún un. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn agbo ńlá ní ìhà Gwagwalada àti Kuje, níbi tí màlúù oríṣiríṣi ti ń pàdé lójú omi kan. Kí àwọn agbo kéékèèké tó dá wà, bíi ti Kabusa, dúró di ọdún tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá ṣe é báyìí, àrùn náà á lọ sílẹ̀ ju bí wọ́n ṣe lè ṣe é lọ́nà mìíràn.

Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tí ẹ̀rọ náà ń fi hàn án. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí wọ́n bá fi Kabusa sílẹ̀, Oníwo-kan ló ń kọ́kọ́ di pupa, nítorí pé ọjà ni wọ́n ti rà á, kò sì sẹ́ni tó mọ agbo tó ti wá. Oyún rẹ̀ á ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, àwọn tó yí i ká á máa pupa lọ́kọ̀ọ̀kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsí ariwo kankan. Ìbídùnní wò ó títí, ó wá ń dá a dúró kó tó débẹ̀. Bó bá tún un bẹ̀rẹ̀, òun náà ni.

Ó lọ bá Dókítà Àlímì. "Ọ̀gá, ẹ̀rù Kabusa ń bà mí."

"Ṣé àyẹ̀wò kankan fi hàn pé àrùn wà níbẹ̀?"

"Rárá, sà. Kò sẹ́ni tó tíì gba ẹ̀jẹ̀ wọn."

"Nínú ẹ̀rọ nìkan lo ti rí i nìyẹn." Ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀. "Ìbídùnní, mélòó ni irú agbo bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ rẹ ń fi hàn?"

"Wọ́n pọ̀, sà."

"Tìtorí pé o mọ èyí lójú ni o ṣe wá bá mi. Bí a bá mú abẹ́rẹ́ lọ síbẹ̀, ta la máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ìbídùnní mọ̀ pé kò sẹ́ni tó yẹ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí òun náà bá wà ní ipò rẹ̀, ohun tí òun á sọ nìyẹn.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015, ó wakọ̀ lọ sí Kabusa láti sọ fún wọn. Ó ní abẹ́rẹ́ kò tó, kí wọ́n ní sùúrù di ọdún tó ń bọ̀. Ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa se omi wàrà kí wọ́n tó mu ún. Wàsílátù ní ta ni ń mu ún ní tútù, ṣebí wàrà ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n di wàrà fún un lọ sílé. Kò sọ ohun tí ẹ̀rọ fi hàn án fún wọn. Bí ó ti ń ṣẹ́rí ọkọ̀ padà, Oníwo-kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, oyún ti hàn lára rẹ̀. Ìbídùnní gbé ojú kúrò.

Iṣẹ́ gba gbogbo ara rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó rán ẹnì kan sí Kabusa lẹ́ẹ̀kan, ẹni náà ní gbogbo wọn wà dáadáa. Ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni Wàsílátù pè é lórí fóònù.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá. Ara bàbá yìí kò yá, a ò mọ ohun tó ń ṣe é mọ́."

Lórí ẹní ló bá Jàbárù. Ó ti rù. Ibà ló ń ṣe é, Wàsílátù ní, á lọ, á tún padà. Ilé ìwòsàn kékeré kan ti kọ́kọ́ sọ pé ibà lásán ni, lẹ́yìn náà wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni. Ó ti lo oògùn méjèèjì tì. Òógùn á bò ó, oríkèé á máa ro ó, nísinsìnyí ẹ̀yìn rẹ̀ kò jẹ́ kó dìde mọ́.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Ìbídùnní bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti lọ sí abẹ́ igi mángòrò.

"Lẹ́yìn tí Oníwo-kan bí òkú ọmọ ni. Ọmọ náà há, òun ló fọwọ́ fà á jáde. Gbogbo apá rẹ̀ ló wọ inú ẹ̀jẹ̀."

Ìbídùnní jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màlúù ló kó sínú ẹ̀rọ náà, màlúù nìkan. Kò sí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀. Ó ti sọ fún wọn kí wọ́n se omi wàrà, kò sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ọwọ́ lásán kan ọmọ tó bá kú nínú ìyá rẹ̀.

Ó fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé Jàbárù lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ó sọ fún àwọn dókítà ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò. Àyẹ̀wò fi hàn pé burusẹlósìsì ni. Àyẹ̀wò àwọn màlúù náà dé: Oníwo-kan ní in, àwọn díẹ̀ mìíràn náà ní in. Àwọn tó máa ń jẹko sún mọ́ ọn jù ni. Ìbídùnní kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka orúkọ wọn fún òun. Ó ti rí wọn.

Oògùn tí wọ́n fún Jàbárù pọ̀, ó sì gùn. Ibà náà lọ, ṣùgbọ́n àrùn ti wọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó ń rin Kabusa já nídìí màlúù kò lè rìn jìnnà mọ́.

Ní ọjọ́ kan tí Ìbídùnní wá wò ó, Wàsílátù ń fún wàrà lẹ́yìn ilé. Omi wàrà náà kì í ṣe tiwọn mọ́, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ti ń rà á. Ó ní kí Ìbídùnní jókòó.

"Dókítà, mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀rọ tí ẹ fi hàn wá níjọ́sí, ṣé ó rí èyí?"

Ìbídùnní lè sọ pé rárá. Ó kúkú lè ṣàlàyé fún un pé bí ẹni ń ju ọmọ lúdò ni ẹ̀rọ náà ń ṣe. "Ó rí i, Ìyá Hàlímàt."

"Oníwo-kan gan-an?"

"Òun gan-an. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ni."

"Ẹ̀yin náà sì rí i."

"Mo rí i, mà."

Wàsílátù kò dáwọ́ dúró. Omi ń kán láàárín ìka rẹ̀. "Ẹ wá ní ká ní sùúrù."

"Abẹ́rẹ́ kò tó. Ibi tí àrùn ti lè ràn jù la kọ́kọ́ lọ. Bí a bá kọ́kọ́ wá síbí, àwọn tó pọ̀ ju èyí lọ ni ì bá—"

"Mo gbọ́ yín. N ò sọ pé ẹ purọ́." Ó gbé wàrà kalẹ̀, ó wò ó lójú. "Ẹ ò kàn sọ fún wa pé ẹ ti rí wa ni. Bí ẹ bá sọ fún wa, ìyẹn kò gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ó di wàrà sínú ọ̀rá fún un bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìbídùnní gbà á. Kò jẹ nínú rẹ̀ nígbà tó délé, kò sì lè dà á nù.

Nígbà tí ọdún 2016 fi dé àárín, èsì ètò náà jáde. Àrùn ti lọ sílẹ̀ ní Gwagwalada àti Kuje, bí ẹ̀rọ ṣe wí gan-an. Wọ́n pe ìpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n ní kí Ìbídùnní wá ṣàlàyé. Nígbà tí àwòrán agbo màlúù hàn lára ògiri, tó tóbi ju bó ṣe ń rí i tẹ́lẹ̀, ó rí Kabusa ní ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún, tó ń pupa díẹ̀díẹ̀. Ó gbójú kúrò níbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó rò pé ẹnì kan á béèrè ohun tó wà ní igun yẹn. Kò sẹ́ni tó béèrè.

Láti ìgbà náà ni nǹkan náà ti wá ń tọ̀ ọ́ káàkiri. Bí màlúù bá ń sọdá títì ní ọ̀nà Jabi, tí gbogbo ọkọ̀ dúró, òun á máa wá ìwo tó kán láàárín wọn. Bó bá rí i pé màlúù funfun kan ń bọ̀, á dúró wò ó títí, ìwo méjì ni á sì wà lórí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Bámiṣayọ̀, tó ń wọn ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, kíyè sí i pé kì í mu tíì onímílíìkì mọ́.

"Ìyá Dára, iṣẹ́ tí o ṣe dára," ó ní. "Gbogbo èèyàn ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó dára. Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé mo ṣìṣe ni, ǹ bá ti tún un ṣe."

Nígbà kan, ó pa agbo Kabusa rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ, ó ní bóyá ọkàn òun á fúyẹ́. Nígbà tó tan ẹ̀rọ náà, àwọn yòókù ń sáré lọ bíi ti tẹ́lẹ̀, àyè kékeré kan sì ṣófo láàárín wọn. Àyè yẹn ni ojú rẹ̀ ń lọ. Ó dá agbo náà padà kó tó relé.

Lẹ́yìn èyí ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn sínú rẹ̀: ẹni tó ń fún wàrà, ẹni tó ń gbẹ̀bí màlúù, ẹni tó ń fọ igbá wàrà. Iṣẹ́ náà le, ó sì gùn. Nígbà tó parí rẹ̀, ó gbé e lọ bá Dókítà Àlímì pẹ̀lú ohun méjì. Èkíní, kí wọ́n pín ìbọ̀wọ́ fún gbogbo gáà, títí kan àwọn tí abẹ́rẹ́ kò tíì kàn, kí wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Èkejì, kí wọ́n máa sọ fún àwọn tó máa dúró ìdí tí wọ́n fi ń dúró àti ohun tí ẹ̀rọ rí nípa wọn.

Dókítà Àlímì gba èkíní kíákíá. Ó ronú lórí èkejì. "Bí o bá sọ fún èèyàn pé o rí àrùn lára màlúù rẹ̀, kí lo rò pé ó máa ṣe?"

"Á ṣọ́ra, sà."

"Bóyá," ó ní. Ó sì fọwọ́ sí i.

Àwọn kan ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ gáà ni kò sẹ́ni tó tún fi ọwọ́ lásán fa ọmọ màlúù mọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà lẹ́yìn Kuje, tí Ìbídùnní fúnra rẹ̀ lọ bá, tó ṣàlàyé fún, tó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti ta màlúù mẹ́ta tí ẹ̀rù wọn ń bà á lọ́jà, láìsọ ohunkóhun fún ẹni tó rà wọ́n. Nígbà tí wọ́n tọpasẹ̀ wọn, àrùn ti wọ agbo mìíràn tó mọ́ tẹ́lẹ̀. Dókítà Àlímì kò bá a wí. Ó kàn gbé èsì àyẹ̀wò náà sórí tábìlì rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìbídùnní wò ó títí. Ó ti sọ òtítọ́ níbí, kò sọ ọ́ ní Kabusa, ibi méjèèjì ni nǹkan ti bàjẹ́ sí.

Ó tún lọ jókòó, ó fi ìbẹ̀rù sínú ẹ̀rọ náà: iye àwọn tó lè tà bí wọ́n bá gbọ́. Èsì tó jáde ní kí wọ́n máa bá wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá máa sọ ọ́ gba ẹ̀jẹ̀ màlúù tó ń fura sí lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ bí àrùn bá wà lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n wá ń ṣe nìyẹn. Ó ń falẹ̀, ó sì ń gba agbára, àwọn tó ń sanwó fún ètò náà kò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ní 2018, Jàbárù àti Wàsílátù padà sí Ṣakí, sọ́dọ̀ Hàlímàt. Wọ́n ti ta àwọn màlúù tí àyẹ̀wò fi hàn pé ara wọn mọ́. Ní ti Oníwo-kan, àwọn òṣìṣẹ́ ti mú un lọ tipẹ́. Ìbídùnní lọ kí wọn kí ọkọ̀ tó gbéra ní gáréèjì Jabi. Jàbárù di ọ̀pá mú, ó dúró ṣánṣán kí ó lè kí i. Ó ṣàdúrà fún un. Wàsílátù dì mọ́ ọn, kò pẹ́ lára rẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìpínlẹ̀ mìíràn ní kí Ìbídùnní bá àwọn ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Ó gbà. Kó tó fi agbo kankan sínú ẹ̀rọ, ó kọ́kọ́ béèrè orúkọ àwọn tó ni ín, ó sì kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń ṣàròyé pé èyí ń fà wọ́n sẹ́yìn, pé ẹ̀rọ kò nílò orúkọ. Ó gbà pé ẹ̀rọ kò nílò rẹ̀.

Bó bá tẹ bọ́tìnnì, tí agbo kan bẹ̀rẹ̀ sí í pupa ní igun kan, á dá a dúró, á ka orúkọ tó wà níbẹ̀, á sì pe ẹni náà lórí fóònù. Nígbà mìíràn, kò sẹ́ni tó ń gbé e. Á jókòó síbẹ̀, fóònù á máa dún létí rẹ̀, àmì pupa náà á dúró gbọn-in lójú rẹ̀, kò ní lè tẹ bọ́tìnnì pé kí ọjọ́ máa sáré lọ.